Ìdí Tí Ìwé Ìrántí Bàbá Kò Fi Bá Ọlọ́kadà Wá

Ẹ̀yin ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Pobè níbí, ní òdìkejì ibodè. Mo kí Ìyá Àgbà, ìyálé yín. Mo kí Adúmáradán, àbúrò bàbá mi obìnrin. Mo kí Dúpẹ́ àbúrò mi, tí mo ní kó ka lẹ́tà yìí sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí gbogbo ilé gbọ́. Dúpẹ́, má fo ibì kankan o! Èmi náà máa lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan àwọn ará ibí pẹ̀lú.

Ojú ń tì mí, ìyá mi. Lẹ́tà yìí á wọ fóònù Dúpẹ́ kí ọlọ́kadà tó dé ọ̀dọ̀ yín, bí òun náà bá sì dé, àpò rẹ̀ máa ṣófo. Mo mọ̀ pé ẹ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Ẹ ti sọ fún àwọn ìyálé yín pé ọmọ yín ló ń tẹ ìwé ètò ìrántí ọdún kan bàbá wa, pé kí ilẹ̀ òní tó ṣú ẹ máa fi lé wọn lọ́wọ́. Ẹ fẹ́ kí wọ́n rí i pé ìyàwó kékeré náà bímọ. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀, síbẹ̀ n kò fi ìwé ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe jẹ́.

Ẹ máa ń sọ fáwọn ènìyàn pé ọ̀gá kọ̀ǹpútà ni mí. Ọ̀gá wo? Ìwé ni mo ń tò! Ṣọ́ọ̀bù méjì ni pàtírọ̀ọ̀ wa ní, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá níbí nìyẹn: ọ̀kan ní Sakété, ọ̀kan ní Pobè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá kan ṣoṣo ló wà, ọ̀dọ̀ mi ló sì wà. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tẹ̀, ìbáà jẹ́ Sakété ló wà, inú kọ̀ǹpútà kan tí à ń pè ní sẹ́fà ló ń wọ̀, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń tò sẹ́yìn ara wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ tẹ̀, àfi bí èmi Àjọkẹ́ bá tẹ bọ́tìnì, tí mo ti ẹlòmíràn síwájú. Ìka kan péré ni. Ìka yẹn ló kó bá mi.

Òjò kò jẹ́ ká sinmi lóṣù yìí. Bí òjò bá ti rọ̀, bébà á rin, á máa há sínú ẹ̀rọ, n óò wá máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yọ egungun ẹja lọ́fun ọmọ. Èdè àwọn ará ibí kò jìnnà sí tiwa, ṣùgbọ́n bí mo bá lanu báyìí, wọ́n á ní ará Nàìjíríà ti dé. Lọ́jà, wọ́n á yí i sí èdè Gun; ní ọ́fíìsì, wọ́n á yí i sí Faransé. Ọjọ́ Àìkú ló burú jù. Ṣọ́ọ̀bù á tì, n kò sì ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ará ilé bá yọjú, tó ní ẹ̀yin lẹ ní kóun wá, orí mi á wú. N óò ti ìwé rẹ̀ síwájú, wọ́n á ní ọmọ rere ni mí. Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ sí yín kò tó nǹkan, mo mọ̀, nítorí náà mo ń tan ara mi pé èyí náà ni mo fi ń tọ́jú yín, pé orúkọ yín ń ṣí ọ̀nà ní Pobè.

Ẹ rántí Bàbá Sáńjọ́, ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ń ta aṣọ lọ́jà níbí, tí ẹ fi gaàrí rán sí mi. Lọ́jọ́ tó gbé gaàrí yẹn dé, ó mú pósítà òkú ìyá ìyàwó rẹ̀ wá láti tẹ̀, rẹpẹtẹ. Ọmọbìnrin kan láti Ahoyéyé ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù kó tó dé. Ìwé ojú méjì péré ni tirẹ̀, ìwé kọ́ńkúù, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń gbani sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọ́fíìsì tó ń gbà á máa tì, wọn kò sì ní gba ti ẹnikẹ́ni mọ́. Òun ló kàn.

Mo wo bàbá, mo wo ọmọ. Mo ní àgbà ni àgbà ń jẹ́, ọmọdé lè ní sùúrù. Mo ti bàbá síwájú. Bébà há, mo yọ ọ́, ó tún há. Nígbà tí ìwé ọmọ náà fi jáde, tó já a gbà tó sáré lọ, ọ́fíìsì ti tì. Ó padà wá. Mo rò pé èébú ló fẹ́ bú mi. Àṣé owó ìwé ni kò rántí san nígbà tó ń sáré! Ó sanwó ìwé tí kò wúlò fún un mọ́, ó kúnlẹ̀, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí. Ìyá mi, bó bá bú mi ni, ara ì bá tù mí. Gaàrí yẹn ṣì wà nínú àpò rẹ̀. N kò lè jẹ ẹ́.

Láàárọ̀ yìí ni ọmọ náà tún wọlé. Kọ́ńkúù mìíràn ló ṣí, ti àwọn olùkọ́, ọ̀sán òní ni wọn kò sì ní gba ìwé mọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀rọ ló ń wò, kò wo ojú mi. Ìwé ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ kan ní Sakété ló ń jáde lọ́wọ́, òun ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹnì kan tó ń gbéyàwó ní Issaba. Ìgbà náà ni Dúpẹ́ fi ìwé bàbá ránṣẹ́, tí ẹ̀yin náà pè mí, tí ẹ ní tiwa ni kí n kọ́kọ́ tẹ̀, pé ta ló wà ní Pobè tó ju bàbá mi lọ. Ọlọ́kadà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kanra pé òjò máa ká òun mọ́ ibodè. Ìwé bàbá pọ̀. Bí mo bá tì í síwájú, ọ̀sán á pọ́n kó tó tán. Mo ní kí ẹ fọkàn balẹ̀. Mo gbé ìka lé bọ́tìnì.

Ni ọmọ náà bá dìde, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ lórí fóònù, ó sì ti mọ ìwà mi. Ó kàn fẹ́ máa lọ wá ibòmíràn ni. Háà! Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Adúmáradán ló sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ ti sọ ìtàn yẹn fún wa títí ó fi sú wa: ọjọ́ tí wọ́n mú yín wọlé bàbá wa, ọmọ ọdún méje ni Adúmáradán, ikun ń dà nímú rẹ̀, ẹ sì kúnlẹ̀ fún un. Títí dòní ẹ kò pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ rí. Mo bi yín ní kékeré pé kí ló dé tí ẹ ń kúnlẹ̀ fún ẹni tí ẹ jù lọ. Ẹ ní ẹni tí ìyàwó bá bá nílé, àgbà rẹ̀ ni, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Èmi tí mo ní mò ń bọ̀wọ̀ fágbà, mo ti ń rí àgbà fín láti ọjọ́ yìí.

Mo gbé ìka kúrò. Mo ní kí ọlọ́kadà máa lọ. Mo bẹ ọmọ náà pé kó jókòó. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde, ó fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́, ṣùgbọ́n èmi ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó fò sẹ́yìn, ó ń bi mí pé kí lòun ṣe. Mo na ìwé náà sí i. Ó sáré jáde, ọ́fíìsì kò sì tíì tì.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ máa rán ènìyàn sí mi, ẹ má dáwọ́ dúró. Kí wọ́n ṣáà mú sùúrù dání. Ti ará Issaba ló ń jáde lọ́wọ́ báyìí, bàbá wa ló kàn. Bí iná kò bá lọ, á bá ọlọ́kadà ọ̀la wá, kí Sátidé ìrántí tó pé. Ẹ forí jì mí fún ojú tó tì yín lónìí.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ̀yin ni ẹ máa jẹun ọmọ pẹ́, ilé kò ní dàrú mọ́ yín lórí. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà. Bí Ìyá Àgbà bá sì bi yín pé ìwé dà, ẹ má wá irọ́ kankan pa fún wọn. Ẹ ní Àjọkẹ́ bá àwọn kan nílé ni. Yóò yé wọn.

Èmi ni ọmọ yín,
Àjọkẹ́