Ojú Bàbá Rẹ Ti Yege

Adúmáadán ọmọ mi,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á gbà ọ́. Jókòó kí o tó ka èyí, àmọ́ má sunkún, ayọ̀ ni mo ń mú bọ̀.

O rántí pé pákó já lu bàbá rẹ lórí níbi iṣẹ́ káfíńtà, tó ní kò sí nǹkan kan, agídí bíi ti àtijọ́. Kò pẹ́ tí ìṣó fi ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tó ń sùn lórí ìjókòó, ni ọ̀gá ẹ̀ bá ní ọtí ló ń mu, kó máa lọ sílé. Bàbá rẹ tí kì í fẹnu kan ọtí! Ó dùn mí wọnú egungun.

Mo bá wọ́ bàbá rẹ lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ kékeré kan sí i lójú, ó ní ó máa tanná sójú, á sì wọn bí ọmọlójú ṣe ń súnkì sí, torí ojú àti ọpọlọ jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ojú ọ̀tún gba máàkì gidi, ti òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba nǹkan kan. Kí ọkọ mi má bàa fìdí rẹmi, mo bẹ nọ́ọ̀sì pé kó wọn ojú tèmi náà, kó fi máàkì mi kún tiẹ̀, ṣebí tọkọtaya ni wá, ohun tí mo ní, tiẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀, máàkì kékeré yẹn gan-an ló ń sọ fáwọn pé ó ṣeé ṣe kí nǹkan máa tẹ ọpọlọ ẹ̀.

Kíá, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá, wọ́n ya àwòrán inú orí ẹ̀, àṣé ẹ̀jẹ̀ ló dúró síbẹ̀. Wọ́n fà á jáde. Ìdánwò tó kùnà ló gbà á là, ọmọ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n tún wọ̀n ọ́n, ojú méjèèjì yege! Mo jó yí ká wọ́ọ̀dù, bàbá rẹ ní kí n má dójú ti òun. Ọ̀gá ẹ̀ wá tọrọ àforíjì, mo ní kó kọ́kọ́ lọ wọn ojú tiẹ̀, ẹni tí kò dá àìsàn mọ̀ yàtọ̀ sí ọtí.

Jọ̀ọ́, fowó díẹ̀ ránṣẹ́. Kì í ṣe ti oúnjẹ. Aṣọ rírọ̀ ni mo fẹ́ rà fún ẹ̀rọ yẹn, kí wọ́n máa fi nù ún. Láti àárọ̀ ló ń wo ojú olójú, kò sẹ́ni tó ń bá a nu tiẹ̀.

Ojú rere layé á fi máa wò ọ́, o ò ní ṣi ẹsẹ̀ gbé. Bàbá rẹ kí ọ. Òun ló kan ẹsẹ̀ tábìlì tí mo ń kọ̀wé lé lórí yìí láàárọ̀, ìṣó kan ò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ.