Ìyá Olúmúyìwá Ti Ń Gun Ògiri

Oko Ọdúntán, lọ́nà Iléṣà,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, 1971.

Olúmúyìwá ọmọ mi, ọmọ Obòkun,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ojú tó bá fẹ́ fi ibi wò ọ́ ní Èkó, kó má ríran. Ara wa le níhìn-ín, ewúrẹ́ ńlá ti bí mẹ́ta, òjò sì ti dá.

Lẹ́tà rẹ dé, èmi ni mo kà á fúnra mi, nítorí mo ti dé ìwé kejì ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà. Ibi tí mo kà dé pé ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì máa ń lọ sínú gbọ̀ngàn kan lọ́jọ́ Sátidé, tí òyìnbó kan á so okùn mọ́ yín níbàdí, tí ẹ ó wá máa gun ògiri lọ títí dé àjà, ni mo bá bú sẹ́kún. Mo ní ọmọ mi ti dé ẹ̀wọ̀n, kò fẹ́ kí n mọ̀ ni. Ta ni wọ́n ń so lókùn bí kò ṣe ọ̀daràn? Mo gbé e lọ bá Tóyọ̀sí, tíṣà wa. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní eré ìdárayá ni, pé o kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń mú apá, ẹ̀yìn àti itan le, èémí kì í sì tètè já mọ́, àmọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni gbogbo ara yóò fi máa ro ó. Mo bi í pé ṣé kò sí àtẹ̀gùn nínú ilé náà ni. Ó ní ó wà.

Mo wá rò ó pé ara tèmi gan-an ń fẹ́ oògùn yìí. Bí mo bá pọn omi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń sọ̀ ọ́ kí n tó délé, ọwọ́ mi kò sì lè fún aṣọ gbẹ mọ́. Mo bẹ Awóníyì káfíńtà kó kan igi kéékèèké mọ́ ara ilé kòkó wa onípákó, láti ìsàlẹ̀ dé abẹ́ páànù. Mo so okùn mọ́ igi àjà, mo so ó mọ́ ìbàdí. Lọ́jọ́ kìíní, igi kejì ni mo dé tí apá mi ń gbọ̀n bí ewé kókò. Lọ́jọ́ kejì n kò lè gbé òkèlè dé ẹnu, Adétutù àbúrò rẹ ló fi oúnjẹ sí mi lẹ́nu. Inú mi dùn, torí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni o ṣe kọ ọ́. Fákúnlé tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà á wá jókòó, á máa jẹ obì, á ní òun kò rí alángbá tó ró ìró rí. Lọ́sẹ̀ kẹfà mo fọwọ́ kan páànù. Mo ń pọn omi délé láìsọ̀, bàbá rẹ sì ní mo ti ń jẹun jù.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, Fákúnlé gun igi obì rẹ̀, àkàbà yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ kan há sáàárín ẹ̀ka lókè lọ́hùn-ún, òòyì sì ń kọ́ ọ. Gbogbo ọkùnrin ti lọ sí ìpàdé kòkó ní Iléṣà. Èmi, Adétutù àti Nọ́síràtù tó wá ra obì láti Òṣogbo nìkan ló wà nílẹ̀. Fákúnlé ń pariwo pé òun ti kú. Adétutù ní ká sáré lọ wá ọkùnrin. Mo ní kó dákẹ́. Mo sán ìró mi, mo mú okùn, mo gun igi náà láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, èémí mi kò já! Mo so okùn mọ́ ọn lábẹ́ apá, mo gbé okùn náà gba orí ẹ̀ka tó nípọn, mo ju ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún Adétutù àti Nọ́síràtù, mo wá yọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nọ́síràtù ní Bìsìmílà, wọ́n ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jókòó sórí ilẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé igi mélòó ló wà lára ògiri mi.

Baálé ti wá wo ògiri náà, àwọn obìnrin sì ń tò síbẹ̀ láràárọ̀.

Mo ń bọ̀ l'Ékòó lọ́dún Kérésì. Fi pọ́n-ùn kan ránṣẹ́ kí n fi ra bàtà kánfáàsì, torí bàtà rọ́bà ń yọ̀. Má fi sí báǹkì o, n kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, awakọ̀ ni kí o fi rán. Bí òyìnbó yín bá ní fọ́ọ̀mù, bá mi gbà á. Tíṣà ní wọ́n máa ń béèrè iṣẹ́ ẹni. Má kọ àgbẹ̀. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti gbé odindi ọkùnrin sọ̀ kalẹ̀ rí.

Ibi gíga tí o bá dé, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o já bọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rẹ̀mílẹ́kún.