Ilẹ̀kùn Tí Kò Jẹ́ Kí Ilé Ẹgbẹ́ Ó Parí

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ariwo ìlú ńlá. Ìlú tó gbà ọ́ kò ní kọ̀ ọ́, àtẹ̀gùn ilé gíga tí ò ń gùn lọ síbi iṣẹ́ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ọ̀gá rẹ kò sì ní jí lọ́jọ́ kan kó ní òun ò mọ̀ ọ́ rí. Àmín. Bàbá rẹ ìbá ṣe àmín yẹn kó le ju báyìí lọ, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo kù nílé, ohùn mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ ròkè mọ́.

Ìdí tí mo fi ń fi gègé kọ̀wé sí ọ ni pé mo rò pé nǹkan ti bàjẹ́ láàárín èmi àti fóònù tí o rà fún mi. Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tí mo bá kọ sí ọ lo máa ń máàkì. Àmì méjì, aláwọ̀ búlúù, bí tíṣà ṣe máa ń fi sí ìwé ọmọ tó gbà á. Inú mi a sì dùn. Mo kọ ọ́ sí ọ pé òrùlé ń jò, o máàkì rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé mo lá àlá rẹ, o máàkì rẹ̀. O kì í sábà fèsì, ṣùgbọ́n tíṣà wo ló máa ń fèsì, kó sáà ti máàkì. Àfi bó ṣe di oṣù tó kọjá tí àmì búlúù dáwọ́ dúró, ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo, ó sì rí bí eérú. Mo tún ọ̀rọ̀ náà kọ, mo fi "jọ̀ọ́" kún un, ẹyọ kan náà ni. Mo wá rò ó pé bóyá ìwé mi ló ń burú sí i lójú rẹ, kí n kúkú kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa.

Ìròyìn ilé ò pọ̀. Aládùúgbò tó máa ń yá wa ní àkàbà ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Mo ti gbé ìkòkò ńlá sórí pẹpẹ, kékeré ni mo fi ń se oúnjẹ báyìí, ó sì tún ń ṣẹ́ kù. Ìròyìn tó tóbi ni ti ilé ẹgbẹ́.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá rẹ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun òfurufú, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣèpàdé. Onígbàjámọ̀ ń ráhùn, torí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti pá lórí, wọ́n kàn ń gba àga oníbàárà jókòó ni. Lẹ́yìn tí a sin bàbá rẹ, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn á kọ́ ilé tàwọn, kí àwọn má baà máa ti orí àga ìgẹrun kú tán. Ìjọba ò dá sí i, wọn ò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú wọn fi ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sílẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, wọ́n á tẹ́ tábìlì sétí títì, wọ́n á máa bá gbogbo ìlú tún fáànù, áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ omi ṣe, ohun tí olúkúlùkù bá sì fi sọ́wọ́ wọn, sìmẹ́ńtì àti páànù ni wọ́n ń fi rà. Nígbà tí owó ilẹ̀kùn ò jọ, èyí tó ń ṣe káfíńtà nínú wọn yọ ilẹ̀kùn yàrá ara rẹ̀ wá. Ìyàwó rẹ̀ ta kọ́tìnì sójú ọ̀nà, kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́.

Alága wọn ni Bàbá Ó-Tán. Ìdí rédíò ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ológun, àwọn ló máa ń bá àwọn awakọ̀ bàlúù tó wà lókè sọ̀rọ̀, wọn ò sì tíì bọ́ nínú rẹ̀ dòní. Tí wọ́n bá ti sọ tẹnu wọn tán, wọ́n á ní "Ó tán", kí ẹlòmíì tó lè sọ tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbàgbé láti sọ ọ́, gbogbo ìpàdé á kàn jókòó, wọ́n á máa wo ara wọn lójú.

Òfin kan wà tí wọ́n gbé bọ̀ láti ìdí bàlúù. Ẹni tó bá fi sípánà de bóòtù mọ́ ara bàlúù kò gbọdọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé bóòtù náà ti le. Ẹlòmíì ni yóò wá, yóò fọwọ́ kàn án, yóò ní "Mo rí i". Bí ẹni yẹn ò bá tíì ní òun rí i, bàlúù ò ní gbéra, ìbáà jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè ló jókòó sínú rẹ̀. Méjì méjì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ ilé yìí, ẹnì kan á to búlọ́ọ̀kù, ẹnìkejì á wò ó. Ẹnìkejì bàbá rẹ ni Ọ̀gá Táyà, torí táyà bàlúù ló ń pààrọ̀. O mọ̀ ọ́n, ó kéré sí bàbá rẹ dáadáa, èmi gan-an fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ. Ìyàwó tirẹ̀ ti kú ṣáájú bàbá rẹ. Nígbà tí wọ́n pín ara wọn ní méjì méjì, òun nìkan ló ṣẹ́ kù. Bàbá Ó-Tán ní kó lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn méjì kan, ó kọ̀, ó jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì, ó ní ẹnìkejì òun ti kú, òun ò fẹ́ ṣe ẹnìkẹta ẹnikẹ́ni. Èmi gbé omi mímu wá fún wọn lọ́jọ́ náà. Ni ó bá yíjú sí mi, ó ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun, kí n bá òun wo iṣẹ́ òun.

Mo wò ó o. Mo di ojú kan bí mo ṣe rí i tí àwọn yòókù ń ṣe. Ọrùn ń dùn mí lọ́jọ́ náà, mo fi sùn sódì, ògiri náà sì dà bí ẹni pé ó wọ́ lójú mi. Mo ní mi ò rí i. Wọ́n ta okùn tí wọ́n so irin mọ́ nídìí, ògiri gún régé. Mo rò pé wọ́n á lé mi dànù. Ṣùgbọ́n Bàbá Ó-Tán ní òfin ni òfin, ẹnìkejì ò tíì rí i, ni Ọ̀gá Táyà bá wó o palẹ̀, ó tún un tò. Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó wó ògiri nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi rí. Lọ́jọ́ kejì, mo tún lọ, mo gbàgbé omi sílé.

Èmi àti Ọ̀gá Táyà náà ni wọ́n rán lọ sí báńkì. Ilẹ̀kùn báńkì yẹn, dígí ni, ó rí bí àpótí, ẹnì kan ló ń gbà. Àwa méjèèjì wọ̀ ọ́ pọ̀ nítorí òfin. Ó kọ̀, ó ń ké, ohùn kan nínú rẹ̀ ń sọ pé kí ẹnì kan wọlé. Mo kí ohùn náà kú iṣẹ́, mo ní ṣùgbọ́n méjì là ń ṣe tiwa. Kò gbọ́. Ẹ̀ṣọ́ ní kí n dá wọlé. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tì mọ́ mi, ti iwájú ò tíì ṣí, mo dúró sínú dígí, mò ń rí gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo rò ó nínú mi pé ṣé bí ìlú tí ọmọ mi ń gbé ṣe rí nìyí. Nígbà tí akọ̀wé báńkì wá ní èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé kí owó ẹgbẹ́ tó lè jáde, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní wọ́n mọ òfin, ó ku kí wọ́n kọ́ ilẹ̀kùn wọn.

Nígbà tí wọ́n kan páànù tán, wọ́n ka ìlànà ẹgbẹ́ sí gbogbo wa létí. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ológun òfurufú ló lè máa jókòó níbẹ̀. Àwọn ìyàwó á wá lọ́jọ́ ìṣílé àti lọ́jọ́ òkú ọkọ wọn. Ọjọ́ òkú tèmi ti kọjá, ìṣílé ló kù. Mo lọ sílé, mo jókòó, mi ò dáná. Nígbà tí bàbá rẹ wà, tí mo bá pa iná, mo mọ̀ pé ẹnì kan mọ̀ pé mo ti sùn. Ní báyìí, rédíò ni mò ń bá jiyàn. Mo dá wà, ọmọ mi. Mi ò kọ èyí sí ọ lórí fóònù rí, torí mi ò fẹ́ kí o máàkì rẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ni ojú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ilẹ̀kùn káfíńtà yẹn, Ọ̀gá Táyà ló gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ó ń ké. Ó fi epo sí i. Mo ní ó ti wá dákẹ́ jù, èèyàn lè wọlé kí a má mọ̀. Ó tú u, ó tún un dè. Mo ní ọ̀dà rẹ̀ dúdú lọ́sàn-án ju bó ṣe wà láàárọ̀ lọ. Ó tún un kùn, kò bá mi jà. Iṣẹ́ àwọn yòókù ti parí, wọ́n ti to àga, wọ́n ti gbé àwòrán bàlúù kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì sún ìṣílé síwájú nítorí ilẹ̀kùn kan. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, kò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣíwọ́. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tó yá, tí mo bá dé láàárọ̀ tí mò ń ro irọ́ tí n ó pa, mo máa ń bá bóòtù kan tó ti tú lóòótọ́. Mo ní Ọlọ́run ló ń ràn mí lọ́wọ́.

Bàbá Ó-Tán ò mú un mọ́ra títí. Wọ́n kó gbogbo wa dúró síwájú ilẹ̀kùn náà, wọ́n bi mí níṣojú gbogbo èèyàn pé kí ló ṣe é gan-an, wọ́n sì ní "Ó tán", ó wá kàn mí láti sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ ti bóòtù. Ọ̀tọ̀ lohun tó jáde lẹ́nu mi.

"Bí mo bá ní mo rí i, níbo ni kí n jókòó sí lọ́la?"

Ọ̀gá Táyà ṣí fìlà, ó ń wo ilẹ̀.

"Ẹ má bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wí," ló wí. "Èmi ni mò ń tú bóòtù yẹn nírọ̀lẹ́ kí n tó máa lọ. Tí iṣẹ́ yìí bá parí, ẹnìkejì mi tún lọ nìyẹn."

Káfíńtà ní ẹ̀n-ẹ́n, òun lòun ń sùn lẹ́yìn kọ́tìnì, ilẹ̀kùn òun ni wọ́n fi ń ṣeré. Wọ́n ní kó dákẹ́. Bàbá Ó-Tán wò wá, èmi àti Ọ̀gá Táyà, títí ojú fi ń tì mí. Wọ́n ní ẹni tí àwọn ti wó ògiri nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ara àwọn ni, ìlànà tí kò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn á tún un kọ. Wọ́n ní bàlúù tí kò lọ síbì kankan pàápàá, àràárọ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà àràárọ̀ ni kí àwa méjèèjì máa wá yẹ ilé náà wò, ká sì jókòó. Wọ́n ní ó tán. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà, mo ní mo rí i. Ohùn mi ò jáde, wọ́n ní kí n tún un sọ.

Wọ́n ti ṣílé o, ọmọ mi, mo sì ní àga. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú ni wọ́n máa ń tilẹ̀kùn, torí ojú àwọn àgbà yìí ò gbé òkùnkùn mọ́, olúkúlùkù á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni ọ̀nà ilé wa máa ń jìn.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ilé ẹgbẹ́ ń fẹ́ gílóòbù, òrùlé wa ò tíì yé jò, bàtà mi sì ti la ẹnu. Mo ti fẹ́ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó rántí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí mi kẹ́yìn ni pé, "Mo wà dáadáa, Màámi." Mo gbà á lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo ti di ọmọ ẹgbẹ́ báyìí, mi ò lè gbà á bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìwọ kọ́ ló yẹ kó sọ pé o wà dáadáa. Ta ló wò ọ́? Ta ló fọwọ́ kàn ọ́ ní ìlú yẹn, tó ní òun rí i? Bí ẹnì kan bá wà, kó kọ̀wé sí mi, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Bí kò bá sí, owó gílóòbù àti owó bàtà tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́, fi wọkọ̀ wálé.

Ọlọ́run á fọ̀nà hàn ọ́, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ, ẹni tó máa jókòó tì ọ́ nínú ọkọ̀ á jẹ́ ọmọlúàbí, wàá sì bá mi lórí ìjókòó.

Èmi náà wà dáadáa. Ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ.