Ikọ́ Tó Fara Pamọ́ Sínú Ọmọ Ogun Ara

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, bí òtútù tilẹ̀ ti mú orúnkún mi le. Mo kí Màámi, mo kí àbúrò mi Àjọkẹ́ àti ọmọ rẹ̀, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Fìdítì.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ka lẹ́tà yìí, torí kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹ kì í ra ìwé ìròyìn yìí, kí ẹ sì fi bírò pupa tún àmì orí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mú bírò. Bí mo bá ní kí n bá yín sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ ó ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa.

Àwọn arúgbó náà ni mo ṣì ń tọ́jú. Nígbà òtútù tó kọjá, mò ń ṣe iṣẹ́ ọ̀sán, mo tún ń ṣe tòru, kí n lè rí owó fi ránṣẹ́. Ibẹ̀ ni ikọ́ ti mú mi. Mo rù, òógùn sì ń rin aṣọ ibùsùn mi. Ikọ́ ife ni wọ́n bá lára mi. Wọ́n ní kí n dá wà ní yàrá fún ìgbà díẹ̀. Mo jókòó sójú fèrèsé, mò ń wo igi tí kò ní ewé kan, mò ń ronú ọsàn Fìdítì, mo sì sunkún. Nígbà tí mo sọ fún yín, ọ̀rọ̀ kan lẹ sọ: "Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé o." Mo gbọ́ràn.

Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilé ni mo ti kó o, láti kékeré. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá àgbà ní Ìmíní, tí a jọ ń sùn lórí ẹní, tí a ń pe ikọ́ rẹ̀ ní ikọ́ eruku. Mo bi dókítà pé báwo ló ṣe wà lára mi látọjọ́ yìí tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó ní àwọn ọmọ ogun kan wà nínú ara tí wọ́n máa ń gbé kòkòrò àrùn mì. Inú àpò kékeré kan ni wọ́n ń fi í sí. Àpò mìíràn tó ní omi kíkan nínú á wá dà pọ̀ mọ́ ọn, kòkòrò á sì yọ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò ikọ́ ife kì í jẹ́ kí àpò méjèèjì pàdé. Á jókòó sínú ọmọ ogun tó yẹ kó pa á, á máa jẹ oúnjẹ rẹ̀. Ó lè sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí agbára ara ẹni yóò fi dín kù, kó tó jí. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi lo oògùn fún oṣù mẹ́fà. Mo lò ó tán, ara mi ti yá.

Bàbá, mò ń gbọ́ ikọ́ yín lórí fóònù. Ẹ ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ ti lọ, òjò ti dé, ikọ́ ò lọ. Àjọkẹ́ sọ fún mi pé ẹ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ẹ rí i pé ọmọ tí ẹ kọ́ ní a, b, d ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ẹ bá pẹ̀yìn dà. Ẹ ní tíṣà kì í tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike àyẹ̀wò níwájú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà àyà mi já. Ta lẹ fẹ́ bá níbẹ̀ tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yín, nígbà tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́ ìdajì ìlú? Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà. Ọmọ Àjọkẹ́ sì ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, bí èmi náà ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá àgbà.

Nítorí ọmọ yẹn ni mo ṣe kọ orúkọ ara mi síwájú gbogbo ayé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìka tọ́ka sílé wa, èmi ni kó kọ́kọ́ tọ́ka sí.

Ọlọ́run á mú ẹ̀mí yín gùn nínú àlàáfíà, ẹ ó sì fi ojú yín rí èrè iṣẹ́ yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ máa ń sọ ní kíláàsì wa? "Ẹni tí kò bá yé, kó nawọ́. Ẹni tó bá fara pamọ́ sẹ́yìn ẹnìkejì ni mo máa kọ́kọ́ pè." Bàbá mi, ẹ padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn, kí ẹ nawọ́.

Èmi ni ọmọ yín, akẹ́kọ̀ọ́ yín,
Àṣàbí