Aago Kámẹ́rà Géètì

Àbúrò mi,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́; ìwọ ò ní iṣẹ́ lónìí. Mi ò jí ẹ, torí mi ò mọ ojú tí mo fẹ́ fi wò ẹ́. Bàbá ti jẹun. Jọ̀ọ́, máa yọjú sí wọn ní yàrá.

Láti ìdájí ni mo ti jókòó ti àwọn kámẹ́rà ilé yìí. Mẹ́rin ni wọ́n, ilé iṣẹ́ mẹ́rin ló ṣe wọ́n, kálukú sì ń ṣe tiẹ̀ bí ọmọ orogún. Mo kó gbogbo wọn sábẹ́ ètò kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí àwòrán àná tò síra wọn ni mo rí i pé aago kámẹ́rà géètì fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti àwọn yòókù.

Ẹni tó fi agboòrùn bojú, tó jáde láì ti géètì, tí Bàbá, tí iyè wọn ti ń ra, fi rìn nínú òjò dé ọ̀nà ńlá, aago méje ló jáde, kì í ṣe mẹ́fà tí kámẹ́rà kọ. Ìwọ lo máa ń jáde ní mẹ́fà. Èmi ni mo máa ń jáde ní méje. Mo rí tìrẹ náà: o ti géètì, o tún fà á wò lẹ́ẹ̀mejì. O sọ bẹ́ẹ̀ lánàá, mo ní irọ́ ni. Má bínú.

Mo ti tún aago náà ṣe. Tí àwòrán kan bá ṣókùnkùn, má fọwọ́ kan nǹkan kan, pè mí. Mi ò ní rán ẹ létí pé kí o ti géètì.

Láti àná ni Bàbá ti ń bẹ̀ mí nítorí tìrẹ. Orúkọ màmá wa ni wọ́n fi ń pè mí, ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé ẹ̀bẹ̀ yẹn.