Omi Ilé Baruwa

Bàbá Fàdìlàt,

Ẹ má mu omi inú ìgò tó wà lórí tábìlì yìí o, ẹ má sì gbé e sún mọ́ sítóòfù. Kànga ilé tí ẹ fẹ́ rà ní Baruwa ni mo ti fà á láàárọ̀ yìí. Ẹ ṣí i, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Epo bẹntiróòlù! Àbí ẹ ti gbàgbé iná páìpù epo tó jó Ìjẹ̀gùn ni?

Léraléra lẹ bá éjẹ́ǹtì lọ wo ilé yẹn. Ẹ rí ilẹ̀ tó tẹ́ rẹrẹ, ẹ rí igi máńgòrò, ẹ fọwọ́ gbá ògiri, ẹ ní ilé ayé àtijọ́ kì í wó. Ẹ ò wo kànga! Éjẹ́ǹtì ní torí àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣe gbé búlọ́ọ̀kù lé e lórí, ẹ̀yin bàbá ọlọ́mọ sì gbà á gbọ́. Èmi àti ìyá àgbà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn la jọ gbé búlọ́ọ̀kù náà kúrò. Ìyá ní páìpù epo tó jò lábẹ́ ilẹ̀ ti ba omi rẹ̀ jẹ́, àwọn kì í fi fọ aṣọ pàápàá. Píọ̀ wọ́tà tí éjẹ́ǹtì ń rà fún yín níbẹ̀, ṣé ọ̀yàyà lẹ pè é ni?

Torí ilé yìí náà lẹ ṣe ní kí n ta ṣọ́ọ̀bù mi ní ìdíkọ̀ Pleasure, tí ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ látọjọ́ tí mo ti kọ̀. Ó dáa jàre. Ṣọ́ọ̀bù náà ni mo wà. Ẹ fi omi yìí ṣe àlùwàlá Àsárì. Tí ẹ bá lè fi yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ wá bá mi níbẹ̀, màá tà á.

Ìyá Fàdìlàt