Ìbéèrè Tí O Jù Sínú Agolo

Jenta Adamu, Jos.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, ọdún 1984.

Péjú ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Jonathan àti àbúrò rẹ̀. Mo lérò pé òtútù Kuru kò yọ yín lẹ́nu jù, àti pé ara gbogbo yín le koko. Bí o bá bèèrè tèmi, ara mi kò yá, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn tí wọ́n ń gbé lọ sọ́sípítù.

Lẹ́tà tí o fi rán Veronica sí mi ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní kí n bá ọ bẹ Màmá Oyèdélé kí wọ́n jẹ́ kí o padà sínú ẹgbẹ́ obìnrin wa. O ní àwàdà lásán ni, àti pé o kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè dùn mí tó báyìí. Péjú, o kọ ọ́ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ó dáa, màá rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń rò ó fún àlejò.

Nígbà tí Màmá Oyèdélé gbé agolo bisikíìtì kalẹ̀ nínú pálọ̀ wọn, tí wọ́n fi ọ̀bẹ la ìdérí rẹ̀, wọ́n ní obìnrin tó bá ní ìṣòro tí kò lè fẹnu sọ, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó má fi orúkọ sí i, kó jù ú síbẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe: ẹni tí irú rẹ̀ kò bá tíì ṣẹlẹ̀ sí kò gbọdọ̀ dìde dáhùn. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó lẹ́nu ló ní ìmọ̀ràn, ẹni tó ti là á kọjá ni àwa ń wá. Ó sì wá di àṣà wa pé tó bá yá, ẹni tó béèrè á yọ́ wá kí ẹni tó dáhùn nílé, wọ́n á sì parí rẹ̀ láàárín ara wọn.

O kúkú fẹ́ràn eré. Nígbà tí ìbéèrè kan jáde pé ṣé dandan ni kí ìyàwó máa se ọbẹ̀ fún ìyá ọkọ tó ń tu ú dànù, tí Veronica àti Ìyá Àjàyí fẹ́rẹ̀ẹ́ já gèlè kúrò lórí ara wọn, o ń já mi ní èékánná lápá, o ń gbé ẹ̀rín mì. Mo mọ̀ pé ìwọ lo kọ ọ́, mo sì bá ọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn. Kí oúnjẹ tó tán lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì ti ń bu ẹran fún ara wọn.

Má sọ fún mi pé ìbéèrè tó gbóná ni mo kórìíra. Ìyá Àjàyí béèrè lójú gbogbo wa pé kí ló dé tí àwa tí wọ́n bí sí Jos kì í fi í lọ wo ilé bàbá wa l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ó gún wa lára, ṣùgbọ́n màmá yẹn fẹ́ mọ̀ ni, nígbà tí a sì dáhùn, wọ́n gbọ́. Ẹni tó béèrè torí kó lè jókòó sẹ́yìn máa wo bí ojú wa ṣe ń yí padà, ohun tí Hausa ń pè ní tsokana nìyẹn, bí ọmọ tó ń fi igi tọ́ ilé agbọ́n. Agbọ́n kò sì ta ìwọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú Kérésìmesì, Màmá Oyèdélé ka èyí jáde: "Ọmọ tí mò ń tọ́, èmi kọ́ ni mo bí i. Kò mọ̀. Ẹ̀rù ọjọ́ tó máa mọ̀ ń bà mí débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n sá lọ. Ẹ gbà mí." Nítorí òfin wa, kò sẹ́ni tó lè dìde. Mo ń wò ó pé obìnrin kan jókòó láàárín wa tí àyà rẹ̀ ń já, tó máa lọ sílé bẹ́ẹ̀ tí èmi bá dákẹ́.

Yàtọ̀ sí Adégòkè ọkọ mi, ìwọ nìkan lo mọ̀, Péjú. Ìwọ lo dì mí mú ní Bùkúrù nígbà tí Monica, ọmọ Birom tí a jọ ń gbélé, bá ìkúnlẹ̀ lọ, tí àwọn èèyàn rẹ̀ sì gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú àdúrà. O wò mí lójú, o ní ọ̀rọ̀ náà kò ní gba ẹnu rẹ jáde láéláé.

Mo dìde. Mo sọ ti Ọmọ́ládé mi láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ní kó má sá, pé ọmọ tó bá sùn lẹ́yìn ẹni, ọmọ ẹni ni. Mo ní tó bá parí ìwé mẹ́wàá, èmi àti bàbá rẹ̀ á mú un jókòó, a ó sì sọ fún un jẹ́jẹ́. Àwọn obìnrin ń sunkún. Ìwọ náà ń nu ojú, mo rí ọ.

Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí ẹni yẹn. Mo tilẹ̀ fọ àwọn aṣọ Ọmọ́ládé tí mo tọ́jú láti kékeré, torí mo rò pé ọmọ tirẹ̀ lè má tíì dàgbà. Ẹnikẹ́ni kò wá.

Níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ Ìyá Àjàyí ní Farin Gada ni mo ti mọ ìdí rẹ̀. O jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ, o kò mọ̀ pé mo wà lẹ́nu ọ̀nà. O ní, "Haba, ẹ̀yin náà! Èmi ni mo kọ ọ́. Oorun ti ń kùn wá ní ìpàdé. Mo ní kí n wò ó bóyá Ìyá Ládé á lè jókòó." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tí kò wá sí ìpàdé ní kí lẹ̀ ń sọ, o sì là á fún un, o dárúkọ Monica. Ọmọ́ládé wà lẹ́yìn rẹ gan-an, ó gbé ìrẹsì tí wọ́n ní kó gbé wá fún yín. Ó gbé àwo náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jáde.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀tá kò lè ṣe mí báyìí, torí ọ̀tá kò mọ ibi tó ń dùn mí. Mo fi àṣírí mi pamọ́ sí ọ lọ́wọ́, o fi í ṣe ìjẹ, o fi dẹ mí, o sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó mú mi.

Ìwọ kò sí láàárín wa mọ́, síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìwé kan jáde nínú agolo: "Ọkọ mi ń tì mí mọ́lé. Ta ni mo lè sá tọ̀?" Ẹnì kan ní, "Péjú tún ti dé o!" Gbogbo pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó lè dáhùn wà níbẹ̀, kò dìde, torí kò fẹ́ di ẹni ẹ̀sín bíi tèmi. A kò mọ obìnrin tó kọ ọ́ títí di òní, Màmá Oyèdélé sì ti gbé agolo náà kúrò nílẹ̀.

Nítorí náà, n kò ní bá ọ bẹ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá bi mí, ohun tí mo kọ síbí yìí ni màá sọ.

Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ rẹ sí fún ọ. Kí ó má jẹ́ kí o ní ọ̀rọ̀ tó wúwo jù fún ìwọ nìkan, kí o sì wo ọ̀tún wo òsì, kí o má rí ẹni tí o lè fi í lé lọ́wọ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré títí di ọdún tó kọjá,
Ìyá Ọmọ́ládé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù: o béèrè pé Ọmọ́ládé ńkọ́. Ó wà. Ó ń jẹun, ó ń lọ síléèwé, kò rí mi fín. O mọ̀ pé Yorùbá nìkan là ń sọ nínú ilé wa. Hausa, ti ọjà àti ti ará àdúgbò ni. Láti ọjọ́ Farin Gada yẹn, kò tíì fi Yorùbá dá mi lóhùn. Láàárọ̀ yìí, ó kúnlẹ̀ níwájú mi bó ṣe máa ń ṣe, ó sì kí mi bó ṣe ń kí obìnrin tó ń ta kúnnú níwájú ilé: "Ina kwana, Mama."